Ojú Ìwé Tí Mo Yọ

Ẹ̀wà ni mo ń ṣà lórí atẹ lọ́sàn-án àná nígbà tí Bùkọ́lá gbé àpótí wá, ó jókòó tì mí. Ọmọ yunifásítì ni, yàrá rẹ̀ ló kángun sí ìta nínú ilé tí èmi náà háyà yàrá kan sí ní Ajíbọ́dé. Ó ní òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun kan ń kọ̀wé sí ara wọn nínú kọ̀ǹpútà. Bí ẹnì kan bá ti kọ tirẹ̀, gbogbo àwọn tó kù ni yóò rí i, àti èyí tó wà ní Èkó àti èyí tó wà lókè òkun, ẹni tó bá sì ní èsì á fèsì. Òun ni wọ́n wá ní kó máa bójú tó ibẹ̀.

"Màmá, ọjọ́ kẹta rèé tí mo gba iṣẹ́ yìí, àwọn méjì sì ti ń bú ara wọn. Ṣé kí n yọ ọ̀rọ̀ wọn kúrò ni, àbí kí n máa wò wọ́n níran? Wọ́n ní ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Lándílọ́ọ̀dù ni. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ń tọ́jú Ìwé Taní-mọ̀ ní Móníyà nígbà kan."

Mo bá ń ṣa ẹ̀wà mi lọ. Mo ti da ẹ̀gbin nù sílẹ̀ nígbà mẹ́ta kí n tó rí i pé ẹ̀wà tó dára wà nínú ohun tí mo ń dà nù. Mo ní kó fún mi láyè, n óò kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Èmi kì í ṣe ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ohun tó béèrè sì gùn, ìtìjú sì pọ̀ nínú rẹ̀. Òun àti àwọn ọ̀dọ́ mìíràn tó bá ń ro irú iṣẹ́ yìí ni mo ń kọ èyí sí.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe é. Ìgbà tí ariwo sáàpù, ètò ìjọba tó sọ owó náírà di yẹpẹrẹ, gba gbogbo ìlú ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo ti jáde ilé-ìwé girama tipẹ́, mò ń ta bébà àti bírò ní Móníyà, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ àti ọlọ́jà ń wá ẹni tí yóò máa ṣí ilé ìkàwé wọn. Wọ́n gbà mí. Owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan, n kò sì ní í fi ìyẹn gbà yín lákòókò.

Yàrá méjì ni ilé ìkàwé náà, lẹ́yìn ibùdókọ̀. Ìwé ìròyìn àtijọ́ wà níbẹ̀, bẹ́ǹṣì méjì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí wọn ni àwọn ènìyàn ṣe ń wá. Ìwé ńlá kan tó wà lórí tábìlì ni wọ́n ń wá, irú èyí tó ní ẹ̀yìn líle tí wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì. Okùn ni a fi so bírò mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Ẹni tó bá ní ìbéèrè á kọ ọ́ sínú ìwé náà, ẹni tó bá mọ ìdáhùn á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀. Kí ni ká ṣe sí àgbàdo tí kòkòrò ń jẹ nínú àká? Ta ló ń ta ọmọ adìyẹ? Ọ̀nà Ìkéréku ńkọ́, ṣé mọ́tò ti ń gbà á? Ẹni tí kò mọ̀wé á sọ tirẹ̀, èmi á kọ ọ́, n óò kà á fún un, á sì fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀. Ìwé Taní-mọ̀ ni gbogbo ènìyàn ń pè é.

Ìyá àgbàlagbà kan máa ń bá ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ́ Bùràímọ̀ wá láti Abà Ọlọ́gẹ̀dẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá yìí máa ń tẹ àtàǹpàkò wọn. Bí mo bá ní ẹ̀ẹ̀kan ti tó, wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kó dá wọn lójú pé èmi ni." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyá yìí sọ́kàn.

Ọ̀gá Àjàó ló kọ́ mi níṣẹ́. Ọ̀gá ilé-ìwé ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, ènìyàn tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń fọwọ́ kó tó ṣí ìwé náà. Wọ́n le. Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, wọn kò jẹ́ kí n kọ nǹkan kan sínú ìwé náà àyàfi nọ́ńbà. Gbogbo ojú ìwé ni mo gbọ́dọ̀ kọ nọ́ńbà sí lókè, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ̀rọ̀ sí i. Mo rò pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ mí.

Nígbà tí wọ́n wá gbà mí láyè kí n máa kọ̀wé fún àwọn tí kò mọ̀wé, bàbá kan wá láti Ìkéréku. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé ewúrẹ́ aládùúgbò àwọn ń jẹ iṣu àwọn, àti pé ewúrẹ́ náà àti ẹni tó ni ín, ìwà kan náà ni wọ́n ń hù. Mo kọ ọ́ pé, "Mo fẹ́ kí aládùúgbò mi jọ̀wọ́ so ẹran ọ̀sìn rẹ̀ mọ́lẹ̀." Ọ̀gá Àjàó kà á nírọ̀lẹ́.

"Fọlákẹ́, ṣé bàbá yẹn sọ pé 'jọ̀wọ́'?"

Mo ní bàbá kò sọ ọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n fi mí sínú ọkọ̀ Ìkéréku pé kí n lọ ka ohun tí mo kọ fún bàbá náà. Bàbá jókòó, wọ́n tẹ́tí sí i títí dé òpin. Wọ́n ní, "Ẹni tó sọ̀rọ̀ yìí ní sùúrù jù mí lọ. Ẹ bá mi kí i o." Ìyàwó wọn rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi kò mọ ibi tí mo máa kó ojú mi sí. N kò tún ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni ṣe mọ́ níwọ̀n ìgbà tí Ọ̀gá Àjàó fi wà níbẹ̀.

Ohun tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn jù nínú ìwé náà ni ìjà. Ìyá kan tó ń ra tòmátò ní Ṣáṣá kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ẹni tó ta apẹ̀rẹ̀ tòmátò fún mi lọ́jọ́ Ẹtì, ewé ló kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ṣé mo sọ fún un pé mò ń sin ehoro ni?" Lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹni tí kò lè wo ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ kó tó sanwó, kó máa ra tòmátò inú agolo." Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi ìlà pa á."

"Ṣé ilé ń jó ni?"

"Rárá, sà."

"Fi wọ́n sílẹ̀ nígbà náà. Ẹni tó gbé fìtílà lọ́wọ́ kì í ṣe òun ni wọ́n pè wá jó."

A fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn mìíràn dá sí i. Ẹnì kan ní kí àwọn tó ń rà máa da apẹ̀rẹ̀ sórí àpò kí wọ́n tó sanwó. Òmíràn ní èyí á ba tòmátò jẹ́, kí wọ́n kàn máa ki ọwọ́ bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Kí oṣù tó parí, mo fojú ara mi rí àwọn obìnrin ní Ṣáṣá tí wọ́n ń ki ọwọ́ bọ apẹ̀rẹ̀. Bí a bá ti pa ìjà náà lọ́jọ́ kìíní ni, ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ á ti bá a lọ.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan dé tí Ọ̀gá Àjàó fúnra wọn wọ inú ìwé náà. Ẹnì kan kọ orúkọ ọmọbìnrin aránṣọ kan síbẹ̀, ó ní oyún tó wà lára rẹ̀ kò ní bàbá. Ọ̀gá Àjàó kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ rárá. Wọ́n gé bébà funfun, wọ́n fi ẹ̀kọ tútù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀rọ̀ náà lórí, wọ́n sì kọ ọ́ sórí bébà náà ní gàdàgbà pé, "Èmi, Àjàó, ni mo bo ohun tó wà níbí. Orúkọ ọmọ ọlọ́mọ ni. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà, mo wà nílé."

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ò bá kúkú fa ojú ìwé náà ya. Báyìí, gbogbo ayé á mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀."

"Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn. Olùṣọ́ lè wọ oko olóko bí nǹkan bá ń bàjẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn nílẹ̀. Èyí tó bá ń fi ìgbálẹ̀ gbá ipa ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lẹ́yìn, olè ni."

Mo gbọ́ ọ, mo sì lè sọ ọ́ lórí. Kíkọ́ nǹkan sórí yàtọ̀ sí kí ó yéni.

Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ojú Ọ̀gá Àjàó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, wọ́n sì padà sí ilé wọn ní Ẹgbẹ́dá. Kọ́kọ́rọ́ wá di tèmi. Ohun àkọ́kọ́ tí mo jáwọ́ nínú rẹ̀ ni nọ́ńbà kíkọ. Mo ní àsìkò kò sí. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìwé náà ṣe díẹ̀díẹ̀. Bí ẹnì kan bá bú ẹnì kejì, n óò fi abẹfẹ́lẹ́ ha á kúrò. Bí ìdáhùn bá gùn jù, n óò kọ èyí tó kúrú, n óò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lórí. Bí ìbéèrè kan bá pẹ́ láìsí èsì, èmi fúnra mi á dáhùn, mo mọ̀ tàbí n kò mọ̀. Àwọn olóyè ẹgbẹ́ wá, wọ́n ṣí i wò, wọ́n ní, "Àǹtí Fọlákẹ́, ìwé yín mọ́ bí àwo tánganran." Inú mi dùn. Èmi tí mo jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́ láti ìgbà èwe, tí n kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ, mo wá rí ibi tí ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn ti ń gba abẹ́ ọwọ́ mi kọjá.

Bàbá Ìkéréku tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò wá mọ́. Mo pàdé wọn lọ́jà, mo béèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá mi, ọ̀rọ̀ tí mo bá gbé wá sọ́dọ̀ yín lónìí, bí mo bá padà wá wò ó lọ́la, ó ti wẹ̀, ó ti kun àtíkè. N kì í dá a mọ̀ mọ́." Mo rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n ti sunkún.

Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ ra ẹ̀rọ táìpù àlòkù kan àti ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, èyí tó ń tẹ ẹ̀dà púpọ̀ jáde. Lóṣooṣù, n óò ṣa ìbéèrè àti ìdáhùn tó dára jù nínú ìwé, n óò tẹ̀ wọ́n sórí ojú bébà kan, àwọn awakọ̀ á sì máa kó o lọ sí àwọn abúlé. Ewé Taní-mọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí kò lè wá sí Móníyà nígbà oko á rí tirẹ̀ gbà. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó jẹ́ ìwé orí tábìlì nìkan ni a ní, bí mo bá ṣe àṣìṣe, orí tábìlì náà ni àṣìṣe náà ń jókòó sí. Láti ìgbà tí Ewé dé, àṣìṣe mi ń wọ mọ́tò.

Mo ti dé ibi tí ó ń tì mí lójú báyìí.

Ní ọdún kan, àwọn olùkọ́ àgbẹ̀ pín igi pákí tuntun, ìyẹn ẹ̀gẹ́, fún àwọn ará abúlé. Ó ta dáadáa, gbòǹgbò rẹ̀ tóbi, ṣùgbọ́n ó korò. Ìgbà tí oúnjẹ wọ́n ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wú u. Bùràímọ̀ wá, ó ní kí n kọ ọ́ pé, "Pákí tuntun yìí, ọjọ́ mélòó ni ká fi rẹ ẹ́ sómi kí a tó sá a fún láfún?" Àgbà ìjọ aládùúrà kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ìjọ ló dá a lóhùn. Àgbẹ̀ gidi ni wọ́n, ọ̀rọ̀ wọn sì wúwo. Wọ́n kọ ọ́ pé, "Ọjọ́ méjì tí à ń rẹ ti àtijọ́ náà ti tó." Wọ́n kọ ọ́ tán, wọ́n gba orí òkè àdúrà lọ fún ọjọ́ méje.

Ní ọjọ́ kẹrin, Rónkẹ́ wá. Ìyàwó ọmọ Bàbá Ìjọ ni, kò tíì pé ọdún kan tó délé ọkọ, ọkọ rẹ̀ sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Èkó. Ọ̀rọ̀ Bàbá Ìjọ ló parí ojú ìwé, nítorí náà orí ewé tuntun ló kọ tirẹ̀ sí. Ó kí mi, ó lọ. Mo dìde, mo kà á:

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Bàbá ọkọ mi ni wọ́n kọ èyí tó ṣáájú, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì kò tó fún pákí yìí. Ewúrẹ́ wa méjì mu omi tí a fi rẹ ẹ́, wọ́n kú. Ẹ fi í sómi fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹ da omi rẹ̀ nù síbi tí ẹran kò lè dé. Ẹ má jẹ ẹ́ láìṣe bẹ́ẹ̀. Èmi Rónkẹ́ ni."

Ẹ̀yin tí ẹ bá dàgbà ní ọ̀dọ̀ wa á mọ ohun tí mo rí. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ, àní ọmọ ọwọ́ tó bá bá nílé. Mélòó-mélòó wá ni bàbá ọkọ. Èyí já bàbá ọkọ rẹ̀ nírọ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fi orúkọ tì í, ó tún sọ ti ẹran tó kú nílé wọn. Mo ní ọmọ yìí kò mọ ohun tó ń fà sẹ́sẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo mú abẹfẹ́lẹ́, mo gé ewé náà ní ìdí, níbi tí òwú ti gbá a mú, mo gé e dáadáa tó fi jẹ́ pé ọwọ́ kò lè mọ̀ ọ́n. Kò sí nọ́ńbà lórí rẹ̀ tí yóò fò. Mo fi í sínú agolo bísíkíìtì nínú dúrọ́ọ̀.

N kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú, Ọlọ́run mọ̀. Ohun tí mo gbèrò ni pé n óò lọ bá Bàbá Ìjọ ní ìdákọ́ńkọ́, kí wọ́n fúnra wọn wá tún ọ̀rọ̀ wọn kọ, kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni. Mo lọ lẹ́ẹ̀kan, wọn kò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Mo lọ lẹ́ẹ̀kejì, mo bá àlejò lọ́dọ̀ wọn. A sọ̀rọ̀ òjò, mo sì padà sílé. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, Ewé oṣù náà gbọ́dọ̀ jáde. Mo tẹ ìbéèrè Bùràímọ̀, mo tẹ ìdáhùn Bàbá Ìjọ sábẹ́ rẹ̀. Mo ní n óò fi àtúnṣe sínú ti oṣù tó ń bọ̀.

Ènìyàn méje ló jẹ láfún náà ní Abà Ọlọ́gẹ̀dẹ̀. Ọmọ Bùràímọ̀ obìnrin ló ka Ewé náà sí wọn létí, wọ́n sì ṣe é bí ó ti wà nínú rẹ̀. Èébì mú wọn, òòyì kọ́ wọn, wọ́n fi ọkọ̀ akó-pákí gbé wọn wá sí ilé ìwòsàn. Mẹ́fà gbádùn. Ìkeje ni ìyá Bùràímọ̀.

Ẹgbẹ́ pe ìpàdé sí iwájú ilé ìkàwé. Bàbá Ìjọ ṣí fìlà, wọ́n di fìlà náà mú lọ́wọ́. "Èmi ni mo kọ ọ́. N kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí."

Obìnrin kan tó ń gbé ládùúgbò wọn dá wọn lóhùn. "Bàbá, wọ́n mọ̀ nílé yín o. Nígbà tí ẹ wà lórí òkè, ewúrẹ́ yín méjì kú. Rónkẹ́ ló gbẹ́ ilẹ̀, òun ló sin wọ́n."

Gbogbo ojú yí sí Rónkẹ́. Ó dìde. "Mo kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹnu mi kò gbà á láti sọ fún Bàbá ni mo ṣe kọ ọ́. Àǹtí wà níbẹ̀ nígbà tí mò ń kọ ọ́."

Alága ní kí n gbé ìwé wá. Mo gbé e wá. Wọ́n ṣí i. Ọ̀rọ̀ Bàbá Ìjọ parí, ohun tó tẹ̀lé e ni ìbéèrè lórí irúgbìn ilá.

Ọkùnrin kan ní, "Ibo lo wá kọ ọ́ sí? Ṣé orí afẹ́fẹ́ ni?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Alága kọjú sí mi. "Àǹtí Fọlákẹ́, ṣé ọmọ yìí kọ nǹkan?"

Mo ní, "Ohun tó wà nínú ìwé ni ẹ ń wò yẹn."

Ẹni tó ń wọn ọ̀rọ̀ kó tó sọ ọ́ ni mí. Bí ẹ bá yẹ gbólóhùn yẹn wò, ẹ kò ní rí irọ́ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ irọ́ ni láti òkè délẹ̀. Rónkẹ́ wò mí. Kò bú mi, kò sọ pé mo parọ́. Ó kàn jókòó. Ìyá kan lẹ́yìn rẹ̀ ní, "Sọ̀rọ̀ ná. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́." Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti dá a padà sí ilé àwọn òbí rẹ̀ ní Lálúpọn. Wọ́n ní ìyàwó tó mọ májèlé tó sì panu mọ́, ta ló fẹ́ jẹ oúnjẹ rẹ̀?

Mo ń ṣí ilé ìkàwé lójoojúmọ́, mo ń fi omi nu tábìlì. Agolo bísíkíìtì wà nínú dúrọ́ọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ṣí i, tí mo sì tún dé e. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni mo gbé ẹ̀sín tèmi rù.

Nígbà ọyẹ́, mo gbé iṣu lọ kí Ọ̀gá Àjàó ní Ẹgbẹ́dá, bí mo ti ń ṣe lọ́dọọdún. Wọn kò ríran mọ́. Wọ́n ti gbọ́ ti Abà Ọlọ́gẹ̀dẹ̀, wọ́n sì ti gbọ́ pé ọmọ kan ní òun kọ ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí. Wọn kò bi mí ní ohunkóhun nípa rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Fọlákẹ́, ṣé o ṣì ń kọ nọ́ńbà sí ojú ìwé?"

Mo ní mo ti fi í sílẹ̀ tipẹ́. Wọ́n mí kanlẹ̀.

"Ọ̀nà Lálúpọn kò jìnnà síbí," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n Móníyà ni kó o ti kọ́kọ́ ṣe é."

Mo bẹ alága pé kó pe ìpàdé. Kí wọ́n tó dé, mo ti fi ẹ̀kọ tútù lẹ ojú ìwé náà padà sí àyè rẹ̀, mo sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, "Èmi, Fọlákẹ́, ni mo gé èyí kúrò. Èmi náà ni mo bò ó mọ́lẹ̀ níwájú ìpàdé." Nígbà tí wọ́n jókòó tán, mo dìde dúró, mo ka ọ̀rọ̀ Rónkẹ́ sí wọn létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ka tèmi. Mo kúnlẹ̀ níwájú Bùràímọ̀. Kò wò mí. Ó na ọwọ́ sí ìwé náà, ó ń ṣí i sẹ́yìn, sẹ́yìn, títí ó fi dé ibi tí àtàǹpàkò méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó fi ọwọ́ lé e díẹ̀, ó dìde, ó gba ilé lọ.

Bàbá Ìjọ ní, "Ìyá, nítorí tèmi lẹ ṣe gé e?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Kí ojú má baà tì yín."

"Ǹ bá bínú lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ kan ni ìbínú mi máa ń pẹ́ mọ. Ẹ bi àwọn ará ilé mi."

Mo dá kọ́kọ́rọ́ padà lọ́jọ́ náà. Bí mo ṣe fẹ̀yìntì nìyẹn.

Bùkọ́lá, o ní ṣé kí o yọ ọ̀rọ̀ wọn ni àbí kí o máa wò wọ́n. Bí ó bá jẹ́ pé èébú lásán ni wọ́n ń bú ara wọn, mú sùúrù ná, àwọn tó kù á dá sí i. Bí ó bá jẹ́ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ tàbí ohun tó lè pa ènìyàn, wọ inú rẹ̀, má bẹ̀rù, má dúró de oṣù tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá yọ ohunkóhun, jẹ́ kí àlàfo rẹ̀ hàn, kí o sì kọ orúkọ rẹ tì í, kí ẹni tí o yọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè rí ọ bá jà. N kò mọ bí wọ́n ti ń kọ nọ́ńbà sí ojú ìwé nínú kọ̀ǹpútà. Wá bí wọn yóò ṣe máa kọ ọ́. Èyí tó sì ṣòro jù ni pé kí o má ṣe máa dáàbò bo ẹni tí kò bẹ̀ ọ́. Rónkẹ́ mọ ohun tó ń ṣe nígbà tó fi orúkọ rẹ̀ sí i. Ó mọ̀ jù mí lọ.

Mo lọ sí Lálúpọn ní ọjọ́ kejì ìpàdé náà. Mo ti bẹ alága, ó jẹ́ kí n fi aṣọ di ìwé náà, kí n gbé e dání. Mo bá Rónkẹ́ lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀, níbi tó ti ń yan gààrí. Mo kúnlẹ̀, ó ní kí n dìde, ó ní èéfín máa wọ̀ mí lójú. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ti sọ ọ́ ní Móníyà, n kò yọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó ń ro gààrí rẹ̀, kò dá mi dúró. Ó ní ọkọ òun ti gbọ́, ó ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá mú òun lọ, òun kò sì tíì mọ èsì tí òun máa fún un.

Nígbà tó yan ti orí iná tán, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Ó ka ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ láìyára. Ó fi ìka tọ etí ojú ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, níbi tí mo ti gé e. Kò rún, kò ní àbàwọ́n, kò sí ibi tí íńkì rẹ̀ ti ṣí. Ó pa ìwé dé, ó dá a padà sí ọwọ́ mi.

"Àǹtí," ó ní, "ẹ mà tọ́jú rẹ̀ dáadáa o."